Ẹni Tó Ni Ìfò Náà

Ìyùnadé gbé ẹsẹ̀ lé etí páànù, páànù náà sì dún gbọ̀ọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Iwájú rẹ̀ ni Ọ̀fun wà, àlàfo tó la àárín ilé alájà méjì kan ní Òjé àti ilé tó kọjú sí i. Ènìyàn mẹ́rin ló ti já sínú Ọ̀fun láti àárọ̀. Ọ̀sínúbi, ọmọ Ìjẹ̀bú kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n jọ ń figagbága, ti sún mọ́ ọn débi pé Ìyùn ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Kò wẹ̀yìn. Ó sáré ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó fò.

Lójú òfuurufú, ọwọ́ òsì rẹ̀ jù sẹ́yìn fìrì, bí ẹni tó ń lé adìyẹ kúrò nídìí àgbàdo tí wọ́n sá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ká wá sí àyà. Ó balẹ̀ sórí páànù ìpẹtà lódìkejì, ó yí gbirigbiri lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, ó tún ti ń sáré lọ. Ó gbọ́ igbe Ọ̀sínúbi lẹ́yìn rẹ̀ bí ìyẹn ṣe ń já bọ́.

Nígbà tó fọwọ́ kan ògiri Mápó, gbogbo òrùlé Ìbàdàn àtijọ́ kú mọ́ ọn lójú bí iná tí wọ́n pa. Ó bọ́ awò eré kúrò lójú. Inú yàrá eré ló wà, orí ilẹ̀ rọ́bà tó ń rìn lábẹ́ ẹsẹ̀, okùn mẹ́rin so mọ́ ọn níbàdí. Lẹ́yìn gíláàsì, àwọn èrò ìwòran ti dìde dúró, wọ́n ń pariwo bákan náà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìfò Ìyùn! Ìfò Ìyùn!"

Ọ̀sínúbi jáde láti yàrá tirẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyùn, o ti tún pa mí! Ọwọ́ òsì yẹn, níbo lo ti kọ́ ọ ná?"

"Ó kàn máa ń wá fúnra rẹ̀ ni."

Ọdún mẹ́ta ló ti ń sọ gbólóhùn yẹn. Ó ti ń dán lẹ́nu rẹ̀ bí òkúta inú odò.

Kò tíì tú okùn ìkẹta tán nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Láńrewájú wọlé. Òun ni alákòóso eré Àfòlé ní gbogbo ìlú, ó sì tún jẹ́ ọ̀gá ní Ilé Ìrìn, níbi tí wọ́n ń kọ ìrìn gbogbo ará ìlú sínú Ìwé Ìrìn, àgbàlagbà ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, tí kì í sábà sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá eré.

"Ọmọ mi, o káre," ó ní. "A ti pinnu. Kí àṣekágbá tó dé lọ́jọ́ Sátidé, a fẹ́ kọ ìfò yẹn sínú Ìwé Ìrìn lórúkọ rẹ. Ìfò Ìyùn. Ọmọdé tí wọn ò tíì bí yóò máa pè é bẹ́ẹ̀."

Ìyùn kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà."

"Dìde, dìde. Ohun kan ló kù. O mọ òfin. Ìrìn ẹni, ohun ìní ẹni. Kí a tó kọ ọ́, ẹnìkan nínú ẹbí rẹ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé òun rí ọ tí o fi ẹran ara rẹ fò ó lórí òrùlé gidi, kí ìjọba tó fòfin dè é."

"Màmá mi ti dàgbà, sà. Wọn ò lè jókòó sínú ọkọ̀ títí débí."

"Ta ló pe màmá? Ẹ̀gbọ́n rẹ la pè, Ìyáàfin Ẹniayé. Inú wọn dùn gan-an lórí fóònù. Wọ́n ti wà lójú ọ̀nà."

Ó fọwọ́ gbá a léjìká, ó sì jáde. Ìyùn tú okùn tó kù.

Ọdún méje sẹ́yìn, ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, páànù tó ti jẹrà ya mọ́ Ẹniayé lẹ́sẹ̀ nígbà tó ń fò ní Òjé. Nígbà náà, orí òrùlé gidi ni wọ́n ti ń sáré, àwọn ilé ìpẹtà yẹn ṣì wà, kò sì sí ọ̀dọ́ kankan ní Ìbàdàn tó lè fò bíi tirẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lókè orúnkún. Kí ọdún náà tó parí, òfin dé, wọ́n wó àwọn ilé náà, wọ́n sì kó gbogbo òrùlé wọn sínú eré.

Ní ìlú tó jẹ́ pé ìrìn ẹni ni kọ́kọ́rọ́ ẹni, tí ilẹ̀kùn fi ń mọ ẹni tó dé, ẹni tó bá pàdánù ẹsẹ̀ ti pàdánù orúkọ. Àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Ìrìn wá sí orí ibùsùn Ẹniayé, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ìrìn rẹ̀ àtijọ́, wọ́n kọ ọ́ sí i pé: ìrìn yìí kò ní ẹni mọ́.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Ìyùn ṣí àpótí kan nílé ìyá wọn, ó rí aṣọ eré ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tó máa ń fi ìrìn ẹni tó bá wọ̀ ọ́ pamọ́. Nígbà náà, Ìyùn fúnra rẹ̀ ti já sínú Ọ̀fun nínú eré nígbà mọ́kàndínlógún. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó ni. Ó gbé e lọ sí Ilé Ìrìn, ẹ̀rọ ibẹ̀ sì bi í léèrè pé, "Ta ló ni ìrìn yìí?" Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Èmi ni," ó ní. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, egungun wọn jọra. Ẹ̀rọ kò jiyàn. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti dé etí Ọ̀fun nínú eré, ìrìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé e fò.

Ó gbọ́ ohùn ilẹ̀kùn ńlá láti ìsàlẹ̀.

"Ìrìn yìí kò yé mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ tún rìn."

Ìyùn sáré lọ síbi fèrèsé. Ẹniayé wà níta nínú oòrùn, ọ̀pá lábẹ́ abíyá, báàgì irinṣẹ́ léjìká. Ó padà sẹ́yìn, ó tún rìn. Ilẹ̀kùn tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ilẹ̀kùn ń ṣí fún wọn láìsọ nǹkan kan. Ẹniayé kò bínú. Ó fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ nínú báàgì, ó fi tọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn náà níbì kan, ilẹ̀kùn sì là. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí gbogbo ilẹ̀kùn ìlú kọ̀ ọ́, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ilẹ̀kùn ṣe.

Ìyùn pàdé rẹ̀ lẹ́nu àtẹ̀gùn, ó mú un gòkè wá sínú yàrá kékeré kan. Ẹniayé jókòó, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó ń mí gúlegúle.

"Àtẹ̀gùn yín yìí pọ̀ o. Ṣé ẹ ò ní ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè ni?"

"Ó wà, Àǹtí mi. Èrò ti kún inú rẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n máa wò mí." Ó wo ojú àbúrò rẹ̀ dáadáa. "Kí ló ṣe ọ́? O ò jẹun?"

"Mo jẹun, mà."

"Irọ́ ni. Gbọ́, kí wọ́n tó pè wá. Sọ òrùlé tí mo ti rí i fún mi."

"Òrùlé wo?"

"Òrùlé tí mo ti rí ọ tí o fò. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí n wá sọ nìyẹn, àbí?" Ẹniayé rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyùn, ìwọ àti èmi mọ̀. Ìsàlẹ̀ lo máa ń dúró sí, tí wàá di bàtà mi mú mọ́ àyà, tí wàá di ojú. O ò gun òrùlé rí láyé rẹ. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. O kọ́ ọ nínú eré, o sì kọ́ ọ yanjú. Tí òfin wọn bá ní àfi kí ẹnìkan rí i, màá ní mo rí i. Sáà sọ ilé ẹni tí a máa dárúkọ, kí ẹnu wa lè kò."

"Wọ́n lè gba ìwé iṣẹ́ yín tí wọ́n bá mọ̀."

"Ta ló máa sọ fún wọn? Ìwọ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ Ìyùn lára bí abẹ́rẹ́.

Ẹniayé kò tíì rí ìfò náà rí. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, kì í wo Àfòlé. Bí wọ́n bá gbé e sójú ògiri lágbàlá ilé wọn, ìdáná ló máa ń lọ jókòó sí. Ohun tó fi Ìyùn lọ́kàn balẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko nìyẹn.

"Mo tún lọ sí Ilé Ìrìn lánàá," Ẹniayé ní. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé."

Ìyùn gbá ọ̀pá tó fẹ́ ṣubú mú, ó tún un gbé ti ògiri.

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Ìrìn tí ẹ ń béèrè ti ní ẹni tó ni ín. Ta ni? Wọn ò gbọdọ̀ sọ. Dókítà ní ẹsẹ̀ tuntun náà ti wà nílẹ̀, ó wà nínú páálí, wọ́n ti kọ orúkọ mi sí i. Ìrìn mi àtijọ́ nìkan ló kù tí wọ́n máa fi kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ tí kò bá mọ ìrìn ẹni tó wọ̀ ọ́, ńṣe ló máa ń gbé e ṣubú." Ó fọwọ́ pa itan rẹ̀ níbi tó parí sí. "Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé, ta lẹni náà? Kí ló ń fi ìrìn mi ṣe?"

Ó yẹ kí Ìyùn sọ ọ́ níbẹ̀. Àwọn méjì péré ni wọ́n wà nínú yàrá. Oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, nígbà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé láti Ilé Ìrìn, òun ló kà á sókè fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí pé gíláàsì ojú Ẹniayé ti fọ́. Ó ka gbogbo rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó tún ṣépè fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ ohun tí òun gbé àti ohun tó ń dí lọ́wọ́. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé òun á sọ ọ́ lọ́la, tí ìdíje yìí bá parí, tí ìdíje tó tẹ̀ lé e bá parí.

"Àǹtí mi," ó ní.

"Kí ni?"

Agogo dún. Ohùn kan láti ara ògiri ní kí ẹlẹ́rìí máa bọ̀.

"Òrùlé ilé Bàbá Alágbẹ̀dẹ," Ìyùn ní. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn. Ojú tì í kó tó pa ẹnu dé.

Gbọ̀ngàn ìjẹ́rìí kò tóbi, ṣùgbọ́n ó kún. Ọ̀sínúbi wà ní ìlà iwájú, ó ń juwọ́. Wọ́n gbé àwo idẹ kan sórí tábìlì, níbi tí ẹlẹ́rìí yóò gbé ọwọ́ lé. Ọ̀gbẹ́ni Láńrewájú kí Ẹniayé, ó fún un ní àga, ó sì ní kí wọ́n gbé ìfò náà jáde.

Kì í ṣe Ìyùn ló jáde sójú ògiri. Ìrìn lásán ni, ara tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ yà, tí kò ní ojú, tí kò ní aṣọ. Ó sáré ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó fò. Ọwọ́ òsì jù sẹ́yìn fìrì.

Ìyùn kò wo ògiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. Ó rí i tí ọwọ́ òsì Ẹniayé, èyí tó wà lórí ọ̀pá, gbéra fúnra rẹ̀, tó jù sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó ń sùn tó ń ta apá. Ọ̀pá náà ṣubú. Ariwo rẹ̀ gba gbọ̀ngàn.

"Ẹ tún un gbé jáde," Ẹniayé ní.

Wọ́n tún un gbé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbé."

Lẹ́ẹ̀kẹta, kò wo ògiri mọ́. Ó yíjú sí Ìyùn. Kò sí ìbínú nínú ojú náà. Ẹni tó ń dúró kí wọ́n sọ fún òun pé ohun tí òun rò kọ́ ni ló ń fi irú ojú bẹ́ẹ̀ woni.

"Ìyáàfin," Ọ̀gbẹ́ni Láńrewájú ní, "ṣé ẹ mọ ìfò yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ta ló ni ín?"

Ẹniayé gbé ọwọ́ lé àwo idẹ náà. "Ẹ bi àbúrò mi. Ohun tó bá sọ ni màá fọwọ́ sí."

Gbogbo orí yí sí Ìyùn. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n òun sọ. Bí òun bá ní, "Tèmi ni," Ẹniayé yóò ní, "Tirẹ̀ ni," yóò gbé ọ̀pá rẹ̀, yóò máa lọ sílé, ẹsẹ̀ náà yóò sì wà nínú páálí títí ayé. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó la ẹnu.

"Ti ẹ̀gbọ́n mi ni," ó ní.

Ọ̀gbẹ́ni Láńrewájú rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wá ọ̀nà àbáyọ fún un. "Ohun tí o ń wí ni pé àwọn ni wọ́n kọ́ ọ. Ìyẹn kò burú. Kíkọ́ kì í ṣe olè. A lè kọ ọ́ pé..."

"Rárá, sà. Wọn ò kọ́ mi. N kò lè fò ó, n kò fò ó rí. Wọ́n ti pàdánù ẹsẹ̀ wọn, ìrìn wọn wà nínú àpótí, mo jí i gbé. Mo ní tèmi ni. Wọ́n ti béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí dókítà lè fún wọn lẹ́sẹ̀, ọwọ́ mi ló sì wà. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́."

Ọ̀sínúbi ti sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ìyùn ti máa ń gbọ́ láti kékeré pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n kò kú. Ó dúró níbẹ̀ láàyè, ó ń gbọ́ bí ẹnìkan ṣe ń wúkọ́ lẹ́yìn.

Ọ̀gbẹ́ni Láńrewájú kọ́kọ́ tẹjú mọ́lẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pe Ìyùn ní ọmọ mọ́. "Ìyùnadé, o ti kúrò nínú ìdíje. Fún ọdún kan, orúkọ rẹ kò ní sí nínú Ìwé Ìrìn. Ilẹ̀kùn kankan nílùú yìí kò ní mọ̀ ọ́. Ibi tí o bá fẹ́ wọ̀, wàá kàn án, wàá dúró. Ìyáàfin, ìrìn yín yóò padà sọ́wọ́ yín kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Ẹ má bínú. Àwa la kọ ọ́ pé kò ní ẹni mọ́. Ó ní ẹni."

Ojú Ìyùn ni Ẹniayé ń wò.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀ pé wọ́n ní kí n mú un wá?"

"Oṣù mẹ́rìnlá, mà."

"Nígbà tí mo ṣubú ní balùwẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, tí o wá gbé mi, tí o fi omi gbígbóná jó mi lẹ́yìn. Ṣé o ti mọ̀ nígbà yẹn?"

"Mo ti mọ̀."

Ẹniayé mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọjà fún. Ọ̀sínúbi dìde, ó gbé ọ̀pá nílẹ̀, ó fi fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹniayé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jáde.

Ìyùn tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé orí àtẹ̀gùn, ó na ọwọ́ láti di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe.

"Má fọwọ́ kàn mí."

Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn ènìyàn ti tú jáde láti gbọ̀ngàn, wọ́n to ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ irin àtẹ̀gùn lókè, wọ́n ń wò wọ́n. Ẹniayé sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò gbé ọ̀pá sílẹ̀, yóò dúró, yóò sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ìyùn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò mọ ohun tó lè fi wọ́n ṣe.

Ní ìdajì ọ̀nà, Ẹniayé dúró. Aṣọ rẹ̀ ti tutù fún òógùn lẹ́yìn. Kò yíjú padà.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, Àǹtí mi."

"Jókòó. Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn kan náà, Ìyùn ní ìkángun kan, Ẹniayé ní ìkángun kejì.

"Má rò ó pé mo ti dárí jì ọ́," Ẹniayé ní.

"N kò rò bẹ́ẹ̀, mà."

"N kò mọ̀ bóyá màá dárí jì ọ́. Mo lè máà ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Màmá ń fi ìfò yẹn yangàn nílé ìjọsìn. Gbogbo ọjọ́ Àìkú. Wọ́n á dìde, wọ́n á na apá méjèèjì bí ẹyẹ, gbogbo ìjọ á rẹ́rìn-ín." "Ìwọ ni wàá sọ fún wọn. Kì í ṣe èmi, kì í ṣe aládùúgbò. Lónìí."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohun tí o sọ lókè yẹn, bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Má sì sunkún sí i. Tí o bá ń sunkún, ìwọ ni wọ́n á máa rẹ̀ lẹ́kún, a ó sì gbàgbé ẹni tí wọ́n jà lólè."

Ẹniayé fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ìyùn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ nù, ó nù ún lẹ́ẹ̀kejì títí ó fi gbẹ, ó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi àtẹ̀gùn mẹ́ta ṣáájú, kó tó dìde tẹ̀ lé e.